Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìmọ̀ràn Owó ní Ìgànná, Láyé Ìyá Alájọ àti Láyé Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kò bá onínì àti ẹ́pìnnì láyé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka owó tí a ná fún yín, nítorí ẹni tí kò mọ irú owó tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè mọ irú ìmọ̀ràn tí à ń gbà lé e lórí. Onínì ló kéré jù lọ, mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ẹ́pìnnì jẹ́ ààbọ̀ kọ́bọ̀, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ mẹ́fà, ṣílè jẹ́ méjìlá, ogún ṣílè ló sì ń di pọ́n-ùn. Onínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ ní ihò láàárín, àwọn ìyá wa sì máa ń fi okùn sín in jọ gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá tiwọn náà ti ń sín owó ẹyọ. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, mo wà lára àwọn ọmọ Ìgànná tí wọ́n kó wọlé. Kọ́bọ̀ kan tí ìyá mi so mọ́ etí aṣọ mi ni mo fi ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, tí n óò yó, tí n óò sì tún ní onínì kan tàbí méjì tí n óò jù sínú kólò alámọ̀ tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kólò yẹn ni olùdámọ̀ràn owó tí mo kọ́kọ́ ní láyé, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló sì mọ̀: bí o kò bá fọ́ mi, o kò lè ná an.

Ìgànná ìgbà náà, ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Sàbígànná ní Òkè-Ògùn, kì í ṣe ìlú tí owó ń wọ̀ lójoojúmọ́. Àsìkò ni owó ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ìlú kọjá nígbà tí wọ́n ti kó bàrà jọ sóko kó lè jẹrà kí wọ́n tó fọ ẹ̀gúsí inú rẹ̀, kò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá owó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Òórùn yẹn ni akéde, ó ń wọ aṣọ, ó ń wọ irun, inú wa sì ń dùn sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn tábà, tó dùn tó sì ń ta nímú díẹ̀, láti ilé tí àwọn àgbẹ̀ ń gbẹ ewé rẹ̀ sí, nítorí ilé-iṣẹ́ sìgá NTC ń ra tábà káàkiri Òkè-Ògùn nígbà yẹn. Àwọn ìyá wa ní tiwọn ń yí èlùbọ́ lórí àpáta, wọ́n ń po òrí títí ọwọ́ wọn fi ń dán ní gbogbo ọ̀sán. Ẹ wò ó, títí di òní, bí mo bá gbóòórùn òrí tútù, ojú ìyá mi ni mo ń rí.

Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni owó gidi ń dé ọwọ́ àgbẹ̀, gbogbo ìmọ̀ràn owó tí wọ́n ń gbà wá kò ju ìdáhùn sí ìbéèrè kan lọ: báwo ni owó oṣù méjì yóò ṣe gbé ilé dé oṣù méjìlá? Bàbá mi ní ìdáhùn tirẹ̀, ó sì le lórí rẹ̀. Ó ní kí ènìyàn má ṣe fi owó sílẹ̀ ní owó. Bí tábà bá tà, a ra páànù méjì, mẹ́ta, a tò wọ́n sí àjà. A ra ewúrẹ́ abo. A fún ọ̀kan nínú àwọn Fúlàní tí wàrà wọn ń wọ ìlú ní owó màlúù kan kó máa bá wa dà á. Ìyá mi a ra aṣọ òkè Ìsẹ́yìn, kì í ṣe nítorí fáàrí, nítorí pé aṣọ òkè kì í gbó, bí àìsàn bá sì dé, ó ṣeé tà. Ní ojú àwa tí a ti lọ sílé-ìwé, ìwà ará oko ni èyí, àfi ìgbà tí ojú wá rí ohun tí ojú rí.

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Alájọ, nítorí òun gan-an ni mo torí rẹ̀ mú gègé.

Obìnrin yìí kò kàwé. Èédú ló fi ń fa ìlà sí ara ògiri yàrá rẹ̀, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀ lára ògiri náà, kò sì ṣi ìlà ẹnìkan fún ẹnìkejì rí. Àwọn alájọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló wá ń lo káàdì tó ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí owó ọjọ́ kan lóṣù sì jẹ́ owó iṣẹ́ alájọ. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ tí wọ́n ń fi orí pípé ki Alájọ Ṣómólú ní Èkó, Bàbá Alphaeus Táíwò Olúnáíkẹ̀, pé ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìyá Alájọ tiwa kò ní jiyàn ọ̀rọ̀ náà. Ní ìdájí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ni yóò ti máa kọjá láti ojúlé sí ojúlé, àpò kékeré á wà lábẹ́ apá rẹ̀. Bó bá ti gba sísì rẹ, kì í yára lọ. Á wo inú ilé. Á rí i bí ẹnu àbà bá ti gbẹ, á rí i bí ìyàwó ilé bá lóyún, á rí i bí ọmọ kan kò bá lọ sílé-ìwé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa wá bá a lọ́jọ́ kan pé kó kó àjọ òun fún òun kí oṣù tó pé, òun fẹ́ fi kún owó kẹ̀kẹ́ Raleigh. Èmi wà níbẹ̀, iṣẹ́ ni ìyá mi rán mi. Ìyá Alájọ kò sọ pé òun kò ní fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, oṣù wo ni ìyàwó rẹ ń bí?" Ọkùnrin náà dáhùn. Ó ní, "Ta ni yóò gbé e lọ sí ọsibítù bó bá di òru, kẹ̀kẹ́ tí kò ì tíì pé owó ni tàbí ọkọ̀ tí a ó san owó fún?" Ọkùnrin náà wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó dúpẹ́, ó yí padà. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n fọwọ́ sí, kò sì sí ẹni tó gba owó ìmọ̀ràn. Ohun tó jẹ́ kí ìmọ̀ràn yẹn wọlé ni pé ẹni tó gbà á mọ̀ pé ẹni tó fún òun yóò tún kọjá lọ́la, yóò sì rí àbájáde rẹ̀ lójúkojú.

Èsúsú tún jẹ́ òmíràn. Níbẹ̀, kì í ṣe ẹnìkan ló ń pa owó mọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń dá a, tí ẹnìkan ń kó o lẹ́ẹ̀kan títí yóò fi kárí. Kí wọ́n tó gbà ọ́ wọlé, wọ́n á ní kí o mú onídùúró wá, onídùúró yẹn ló sì máa ń pè ọ́ sí kọ̀rọ̀ bó bá rí i pé ẹnu rẹ ti ń ju apá rẹ lọ. Ó gbọ́dọ̀ pè ọ́, torí pé òun ni yóò san án bí o kò bá san. Ìmọ̀ràn tó ń ti ẹnu ẹni tí yóò bá ọ jẹ gbèsè wá, èdè rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ohun gbogbo ló dára. Àwọn alájọ kan wà tó kó owó olówó sá wọ ilẹ̀ Dàhómì, tí a kò sì rí wọn mọ́, ọ̀nà ààlà kò kúkú jìnnà sí wa. Àṣírí owó kò sí: ohun tí aya bá dá lájọ, ọkọ rẹ̀ lè gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá sì bọ́ sọ́wọ́ olówó èlé, ojú rẹ̀ á rí màbo. Bàbá bàbá mi sọ fún wa nípa ológò, ẹni tí olówó máa ń rán sí ajigbèsè. Á tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà, á máa bú tọmọdé tàgbà inú ilé, á mú adìyẹ tó bá wù ú pa jẹ, orí ajigbèsè náà ni gbogbo rẹ̀ á sì wà, títí ẹbí yóò fi sá sókè sódò san owó náà kí ìtìjú lè tán. Ìyẹn kò ṣojú mi. Àwọn òṣómàáló ló ṣojú mi, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ káàkiri tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó síwájú ilé ẹni títí owó wọn á fi jáde. Ṣùgbọ́n òṣómàáló jẹ́ ọlọ́yàyà ènìyàn lọ́jọ́ tó bá ń tà, aṣọ rẹ̀ sì dára.

Báńkì ńkọ́? Kò sí nílùú wa nígbà èwe mi. Nígbà tí mo di olùkọ́ tí mo sì ní ìwé báńkì, ọkọ̀ ni mo ń wọ̀ lọ ibẹ̀, n óò dúró lórí ìlà títí ẹsẹ̀ á fi máa dùn mí, akọ̀wé tó wà lẹ́yìn irin á ju ìwé sí mi láì gbójú sókè. Kò sí ẹni tó bi mí rí ohun tí mo fẹ́ fi owó ṣe.

Ohun tí a wá fi ojú rí nìyí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, wọ́n pa pọ́n-ùn àti ṣílè tì, náírà àti kọ́bọ̀ dé, náírà méjì fún pọ́n-ùn kan, náírà sì lágbára ju dọ́là Amẹ́ríkà lọ nígbà náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ti ààlà ilẹ̀ pa, wọ́n pààrọ̀ owó bébà, wọ́n sì fún ará ìlú ní ọjọ́ díẹ̀ péré. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú ìkòkò lóko, tàbí tó wà ní òdìkejì ààlà níbi tó lọ ná ọjà, owó rẹ̀ di ìwé. Nígbà tó di ọdún 1986, wọ́n sọ náírà sí ọjà kó máa wá iye tirẹ̀, láti ìgbà náà ni owó tí a tọ́jú sí báńkì ti ń fọ́n lójú wa. Páànù tí bàbá mi tò sí àjà kò fọ́n. Òun ni mo fi bo ilé tí mo ń gbé di òní.

Fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ó sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ fóònù di ilé owó ní Ìgànná, tí àwọn ìyá aláta àti ọlọ́kadà fi ń sọ pé "ṣé alert ti wọlé?", ìṣòro owó bébà ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2023, owó kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó ní iṣu kò rí ẹni rà á, ẹni tó fẹ́ rà á ní owó nínú báńkì tí kò lè fọwọ́ kàn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa ti kọ́ ẹ̀kọ́ wọn. OPay, PalmPay, Moniepoint, àwọn orúkọ tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n di orúkọ inú ọjà, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbowó POS sì di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń lọ bá.

Inú mi dùn sí ohun púpọ̀ níbẹ̀, n kò sì ní fi í pamọ́. Ọmọ Yorùbá kan, Ọdúnayọ̀ Ewéníyì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá PiggyVest sílẹ̀ ní ọdún 2016. Ohun tó mú wọn ronú rẹ̀ ni pé wọ́n rí obìnrin kan tó fi ₦1,000 sínú kólò onígi lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko, tó sì fi àwòrán rẹ̀ han aráyé. Kólò ìyá mi, ẹ gbọ́! Ọdún kejì rẹ̀ ni Cowrywise tẹ̀ lé e, tí ó fi owó ẹyọ ṣe orúkọ, tí ó sì ń bá ẹni tí kò ní ju owó kékeré lọ́wọ́ yan ibi tí owó náà yóò ti so èso. Ẹ̀rọ á bi ọ́ léèrè iye ọdún rẹ, ìgbà tí o fẹ́ ná owó, bí ọkàn rẹ ti le tó sí àdánù, á sì dá ọ lámọ̀ràn. Láyé tiwa, ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ "treasury bill", ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún ìgbà díẹ̀, kò sí ní Ìgànná. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá Èkó ni. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta ìwé ẹ̀yáwó fún mẹ̀kúnnù, tí ẹni tó ní ₦5,000 lè bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ilé sì lè tọ́jú owó rẹ̀ láì sí ẹni tó mọ̀. Bí ìyá mi bá rí ìyẹn, yóò jó.

Ẹ̀dùn ọkàn mi wà níbòmíràn. Nígbà tí MMM dé ní ìparí ọdún 2015, ètò tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà ti fi ba ayé àwọn ará ìlú tirẹ̀ jẹ́ ní ọdún 1994, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣèlérí lóṣooṣù. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn, nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ díẹ̀. A rò pé ojú ti là. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX ṣubú, àwọn tó ní ẹ̀rọ AI ló ń bá àwọn ṣòwò, tí yóò sì sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Ní Ìbàdàn, ní Òkè-Àdó, inú bí àwọn tí owó wọn há, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì CBEX, wọ́n ń gbé àga àti tábìlì. SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, ní CBEX kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn rárá. Ohun tó dùn mí jù ni pé ojúlùmọ̀ ló ń gbé irú ètò wọ̀nyí wá bá ènìyàn: ọmọ ìyá, ọmọ ìjọ, ẹni tí a jọ ń kírun. Wọ́n yá ojú ẹni tí a mọ̀ láti fi ta ìmọ̀ràn ẹni tí a kò mọ̀.

Ológò náà sì ti padà dé. Àwọn ayánilówó inú fóònù kan wà tí kì í béèrè onídùúró. Gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ ni wọ́n ń gbà. Bí ọjọ́ bá kọjá, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ, sí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, sí àlùfáà rẹ, pé olè ni ọ́. Bí ológò ayé bàbá bàbá mi ṣe burú tó, ẹnu ọ̀nà ilé kan ló ń jókòó sí. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n sì ti pàṣẹ pé kí irú wọn forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa wò ó bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ sì mọ̀ pé owó tó wà nínú báńkì ńlá, NDIC, àjọ adójútòfò owó báńkì, ń dúró fún ₦5 mílíọ̀nù rẹ̀ bí báńkì náà bá kógbá sílé, ti máíkrófáínáǹsì sì jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù. Kò sí ẹni tó dúró fún ti CBEX.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ta kaṣú, owó náà sì pọ̀ díẹ̀. Ó jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi ẹ̀rọ AI inú fóònù rẹ̀ pé kí ni kí òun fi owó náà ṣe, ó sì ń túmọ̀ ìdáhùn rẹ̀ fún mi. Ẹ̀rọ náà ní kó kọ́kọ́ san gbèsè tó ní èlé lórí. Ó ní kó ya owó jíjẹ oṣù mélòó kan sọ́tọ̀. Ó ní kó má ṣe kó gbogbo rẹ̀ síbì kan náà. Mo mi orí, nítorí bí bàbá mi bá wà níbẹ̀, kò ní rí èyí tí yóò bá a jiyàn lé lórí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó kù, ẹ̀rọ náà ní kó fi dókòwò.

Mo wá bi í pé, "Ṣé o sọ fún un pé ilẹ̀ ẹbí ni kaṣú náà wà?" Ó dákẹ́. "Ṣé o sọ fún un pé àwọn àbúrò bàbá rẹ ń retí ìpín tiwọn, pé ìsìnkú ìyá àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè, pé òrùlé ẹ̀yìn ń jò sórí ọmọ?" Kò sọ ọ́. Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ owó ni òun ń bá a sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé. Ibi tí gbogbo ìyàtọ̀ wà nìyẹn lójú tèmi. Ohun tí o bá sọ fún fóònù nìkan ló mọ̀, kò sì sí bó ṣe lè bẹ ojú wo inú ilé rẹ ní ìdájí. Ìyá Alájọ mọ èyí tí o fi pamọ́, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ fà yọ.

Mo ní kó tún bi í, kó sọ gbogbo rẹ̀, ti ẹbí, ti ìsìnkú, ti òrùlé. Ó tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìdáhùn tó wá lẹ́yìn náà yàtọ̀ pátápátá, ó sì mọ́gbọ́n dání, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Ó ní kó kọ́kọ́ pe àwọn ẹbí jọ kó tó ná kọ́bọ̀.

A pè wọ́n jọ ní ọjọ́ Àìkú. Àbúrò bàbá rẹ̀ àgbà gba ìpín tirẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ìdajì rẹ̀ kún owó ìsìnkú, èyí tí kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ sí. Ìpín ti ọmọ-ọmọ mi, ó mú lára rẹ̀ ra páànù, ó fi ìyókù ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba ọlọ́dún méjì, tí èlé rẹ̀ ń wọ àkáǹtì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó fi èyí tó kọ́kọ́ wọlé hàn mí lórí fóònù, mo fi awò sójú, mo kà á. Kò pọ̀. Káfíńtà ti wá wọn òrùlé ẹ̀yìn, ó sì ní ìṣó ti tún gbówó lórí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.